Bojúbojú Àgbà ní Ẹ̀yìn Láfẹ́nwá

Ilé ìwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, orúnkún mi wú díẹ̀, wíwú náà sì lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Èkó gbọ́, ó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí. "Màámi, ẹ ò lè máa dá gbé mọ́. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Yàrá yín ti wà nílẹ̀. Ẹ ó kàn jókòó, ẹ ó máa sinmi."

Kí n jókòó. Èmi tí mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Abẹ́òkúta, tí mo ń gun òkè, tí mo ń sọ̀kalẹ̀ nínú òjò nítorí aboyún tó ń rọbí, èmi ni kí n wá lọ jókòó sórí àjà kẹta ní Èkó, kí n máa wo ògiri aládùúgbò. Inú bí mi débi pé mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ọkọ rẹ̀ ló pẹ̀tù sí i. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì fẹ́ràn kó máa rìn kiri kí ara rẹ̀ lè le. Nígbà tí wọ́n wá kí mi, ó fi eré kan sínú fóònù mi. Jiokáṣìn ni wọ́n ń pè é. Ahọ́n mi ò gbà á, bojúbojú lèmi ń pè é, torí bojúbojú náà ni, àfi pé àpótí kékeré ló ń sá pamọ́, kì í ṣe ọmọdé. Ẹnì kan tí o ò mọ̀ rí á fi àpótí pamọ́ síbì kan, á fi ojú ibẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fóònù á sì máa tọ́ ọ sọ́nà títí wàá fi dé ìtòsí rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó kù sọ́wọ́ ojú rẹ. Bí o bá rí i, wàá kọ orúkọ rẹ sínú ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, wàá sì dá a padà bí o ṣe bá a. Òfin rẹ̀ tó le jù ni pé àwọn tó ń kọjá kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ò ń wá, kí wọ́n má baà gbé e lọ.

Fóònù fi ọ̀kan hàn wá ní ẹ̀yìn Láfẹ́nwá, níbi àpáta kan tí ọ̀nà ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọmọ mi ní, "Màámi, ibẹ̀ ti le jù fún yín." Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Mo ní èmi nìkan ni n ó lọ, ẹsẹ̀ ara mi ni n ó fi rìn ín, ẹnikẹ́ni ò ní bá mi wá a. Bí mo bá rí i, ọ̀rọ̀ Èkó ti parí nìyẹn. Bí mi ò bá rí i, kó wá bá mi di ẹrù. Ó ní ó dáa. Ọmọ mi ni, ó mọ̀ pé n kì í yẹ àdéhùn.

Ìtìjú ni mo bá bọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Láfẹ́nwá, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù, mo dé ìdí àpáta, fóònù ní ibẹ̀ náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú koríko. Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó ru gbágùúdá fi dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kí ló sọnù?" Bí ìlú wa ṣe rí nìyẹn, o ò lè bẹ̀rẹ̀ máa wo ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni kọjá láì bèèrè. Mi ò lè sọ òótọ́ nítorí òfin, ni mo bá ní yẹtí mi ló já bọ́. Obìnrin náà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Òmíràn dé, òun náà sọ tirẹ̀. Ọlọ́kadà kan pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó bá wa tú koríko. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe Màmá Nọ́ọ̀sì nìyí? Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí àkọ́bí mi." Bó ṣe di pé wọ́n ń pe àwọn míì nìyẹn. Ìgbà tí èrò pé tán ni obìnrin elérù gbágùúdá wo ojú mi dáadáa. Ó ní, "Màmá, yẹtí yín méjèèjì mà wà létí yín."

Mo fọwọ́ kan etí, mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n gbé ẹrù wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọn yóò máa sọ lọ: ìyá yìí ti darúgbó. Ìyẹn dùn mí ju orúnkún lọ.

Nígbà tí mo délé, mo rò ó wò. Ta ni wọn kì í bi ní nǹkan kan ní ìlú yìí? Bí o bá dúró, wọ́n á bi ọ́ níbi tí ò ń lọ. Bí o bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bi ọ́ lóhun tó sọnù. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó jókòó tó ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n á kí i, wọ́n á kọjá.

Mo kó ẹ̀gúsí àti àwo sínú báàgì, mo padà lọ. Mo wá ibi tó tẹ́jú lára àpáta náà, mo jókòó, mo ń bó ẹ̀gúsí mi. "Ẹ kú ìjókòó o, mà." Mo ń dáhùn, mo ń bó. Ẹnì kankan ò dúró. Ojú mi sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àpáta náà yọ ètè síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹni tó bá dúró, orí àpáta ló máa rí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀, koríko ló máa rí. Ẹni tó bá jókòó nìkan ló lè rí abẹ́ ètè náà. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá ti ìyókù mu. Mo jẹ́ kí ọ̀nà dá, mo na ọwọ́, mo yí i kúrò. Ike kékeré olómorí pupa wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti gba ọ̀pọ̀ ìkókó sọ́wọ́ láyé mi, irú ọwọ́ yẹn náà ni mo fi gbé ike yẹn. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sínú ìwé rẹ̀, mo sì dá a padà sáyè rẹ̀. Mo yangàn, n kò ní purọ́. Orin ni mo kọ dé ilé.

Mo pe ọmọ mi ní Èkó, kò gbà. Ó ní mo rán ẹnì kan ni. Mo ní kó máa bọ̀. Nígbà tó dé, a jọ lọ, mo jókòó síbi tí mo jókòó sí, mo fi í sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú koríko, fóònù lọ́wọ́, òógùn lójú. Bàbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ kọjá dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló sọnù?"

Ọmọ mi wò mí. Mi ò gbójú sókè. "Yẹtí ni, sà," ló sọ.

Òwe kan wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, nípa àgbà tó jókòó àti ọmọdé tó gun igi. Mo gbé e mì. Nígbà tí bàbá náà wá a tì tó lọ, mo kàn ní, "Jókòó, bá mi bó ẹ̀gúsí." Ó jókòó tì mí, ó ń bó o, ó ń kùn. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ti rí òkúta náà.

Ó ṣí ike, ó ka orúkọ mi, ó tún un kà. Ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ tèmi, ó sì dá ike padà sáyè rẹ̀. "Màámi," ló wí, "ẹ máa gbé ilé yín." Mo ní mo ti gbọ́.

A dìde. Mo ti rìn jìnnà díẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa lọ. Ẹ dúró dè mí." Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wá òkúta kan létí ọ̀nà, mo jókòó, mo dúró dè é.