Ọ̀pẹ Tí Mo Gbìn Sórí Ilẹ̀ Ẹbí

Mo rántí ìgbà tí mo ń fi okùn wọn oko ẹbí wa bí ẹni tó ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Oṣù yẹn ni ilé-iṣẹ́ oníke tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó ní kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa lọ sílé, lẹ́yìn tí mo ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ wọn. Bàbá mi ti ń ṣàìsàn ẹsẹ̀ nígbà náà, kò lè rìn kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ọ̀tà mọ́. Ó pè mí lẹ́yìn ìrun Làásàrì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Oko ẹbí ti ń di igbó. Lọ bá wa mójú tó o." Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ gan-an ni bàbá mi rán mi. Èmi ni mo lọ fi ti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jẹ́ ẹ.

Ọ̀gá ni mo sì pe ara mi lóòótọ́. Mo ti lọ jókòó fún ọjọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìyànà Ìyèsí, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa pé iṣẹ́ oko kì í ṣe iṣẹ́ òṣì mọ́, pé bísínẹ́ẹ̀sì ni, pé ẹni tó bá gbin ọ̀pẹ àgíríìkì lónìí, bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin bá pé, yóò máa kórè títí yóò fi darúgbó. Wọ́n fún wa ní fáìlì kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbé fáìlì yẹn há abíyá lọ sóko, mo wọ bàtà rọ́bà tuntun, mo sì ń bá àwọn lébìrà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí àga ọ́fíìsì ni wọ́n bí mi sí. Bí mo bá rántí ara mi báyìí, ojú máa ń tì mí, ẹ̀rín a sì tún pa mí.

Oko náà wà lójú ọ̀nà Adó-Odò. Lọ́tùn-ún àti lósì wa, àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ ti pín in, wọ́n sì ti tà á. Ògiri búlọ́ọ̀kù ilé-iṣẹ́ ló wà níbi tí àgbàdo wà tẹ́lẹ̀. Tiwa nìkan ló kù tí kò tíì fọ́ sí wẹ́wẹ́, ohun tó sì mú un dúró ni òfin kan tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí lè gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo tàbí ẹ̀fọ́ síbi tó bá wù ú, nítorí bó bá ti kórè tán, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í dá igi gbìn láìjẹ́ pé ẹbí jókòó, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Igi kì í kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbìn ín ti sọ ibẹ̀ di tirẹ̀ nìyẹn. Mo mọ òfin yìí láti kékeré. Mo kàn rò pé òfin àwọn tí kò lọ sí gbọ̀ngàn Ìyànà Ìyèsí ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ní ebè ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá odò. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí oko yẹn. Òun náà sì ni àgbà jù lọ nínú ẹbí. Nígbà tí ìlà ọ̀pẹ mi dé ibi ebè rẹ̀, kò ní lè gún mọ́ àfi kí n ya ọ̀nà. Wọ́n sì ti sọ fún wa pé ìlà ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ gún. Mo lọ bá a nílé pẹ̀lú fáìlì mi.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tu ẹ̀gẹ́ yẹn kí oṣù tó parí. Mo fẹ́ gbin ọ̀pẹ síbẹ̀."

Ó wo fáìlì ọwọ́ mi. "Ṣé wọ́n ti ṣèpàdé ni?"

"Ìpàdé wo, mà? Ìdàgbàsókè ni o. Èrè ńlá ló máa mú wá."

"Kò burú," ni ó wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tu ẹ̀gẹ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó kó o sínú agbọ̀n, ó gbé e rù, ó kọjá níwájú mi, èmi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ o! Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti yé e ni.

Kò pé oṣù kan tí olórí ẹbí fi ránṣẹ́ pè mí. Mo bá àwọn àgbà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ńlá wa. Bàbá mi kò lè wá. Ó ti kìlọ̀ fún mi kí n má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin, tí àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti ń wá sílé rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bí ẹnì kan bá ti lè dá igi gbìn, a jẹ́ pé a ti pín ilẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n fún kálukú ní tirẹ̀. Èmi mọ ohun tí màá fi tèmi ṣe."

Àwọn mìíràn ń mi orí pé òótọ́ ni. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kì í ṣe ọ̀pẹ mi nìkan ló fẹ́ lọ, oko náà pátá ló fẹ́ lọ, èmi ni mo sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ tà á. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé èrè. Olórí ẹbí dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Ta ló ń bi ọ́ ní ti èrè? Ta ló ní kí o gbìn ín?"

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja yẹn kò rí nǹkan kan rárá.

Ìyá Àgbà, tó ti ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ láti ìgbà tí a ti jókòó, gbé ojú sókè. "Èmi ni," ni ó wí. "Èmi ni mo ní kó gbìn ín. Ọ̀pẹ gbogbo wa ni. Ẹ̀gẹ́ tèmi gan-an ni mo kọ́kọ́ tu kó lè ráyè. Ẹ lọ wo ibẹ̀."

Àbúrò bàbá mi yanu, ó tún pa á dé. Ta ló fẹ́ sọ fún àgbà ilé, obìnrin tó ti lọ sí Mẹ́kà, pé irọ́ ló ń pa? Olórí ẹbí ní bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àṣẹ ti wá, kí ilẹ̀ wà bó ṣe wà.

Mo sìn ín délé. Mo ń sunkún bí ọmọdé, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó forí jì mí. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó di èjìká mi mú.

"Ọlọ́run mọ̀ pé n kì í purọ́. Èyí tí mo pa lónìí yìí, ìwọ ni kí o sọ ọ́ di òótọ́."

Ó wọlé lọ ṣe àlùwàlá.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tó rán mi yẹn. A kọ orúkọ ẹbí sórí ìwé oko náà, ilé kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, n kì í sì í ṣe ohunkóhun mọ́ láìpe ìpàdé, bí ìpàdé náà tilẹ̀ máa ń sú mi dé ọrùn. Oko náà ń jèrè, mo lè sọ ọ́ láìtijú. Ọkọ̀ ń wá kó ẹyìn, àbúrò bàbá mi tó fẹ́ ta tirẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí a máa kórè. Ìyá Àgbà jẹ nínú epo àkọ́kọ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n kò tẹsẹ̀ bọ oko náà mọ́. Mi ò lẹ́nu láti sọ pé kó wá. Ó dùn mí títí dòní.

Bí àwọn ọmọ inú ẹbí bá tẹ̀ lé wa wá sóko lákòókò ìsinmi, wọ́n máa ń bi mí pé ta ló gbin ọ̀pẹ tó pọ̀ tó báyìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé Ìyá Àgbà ni. Nígbà àkọ́kọ́, ẹnu mi wúwo bí mo ti ń sọ ọ́. Kò wúwo mọ́.