Nígbà Tí Wọ́n Ní Mo Ba Omi Jẹ́

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ilé tí a jọ ń gbé wá tóbi jù fún mi. Mo kó kúrò níbẹ̀, mo gba yàrá méjì ní àdúgbò Òkè-Ìlá, nínú ọgbà ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo àwa ayálégbé ń pè ní Màmá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá sí Adó-Èkìtì, ọkọ tí mo rí fẹ́ níbẹ̀ ló sì dá mi dúró. Nígbà tí òun ti lọ, tí ọmọ kan ṣoṣo tí a bí sì wà lókè òkun, kò sí ohun tó so mí mọ́ ìlú náà mọ́ àfi iṣẹ́.

Kànga kan wà láàárín ọgbà náà. Ìdí rẹ̀ ni mo ti ń rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń dá gbé mọ ohun tí mò ń wí: èèyàn lè ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì, kó má tún la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ìgbà ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Nítorí náà, omi ìbáà kún ike mi, bí mo bá ti gbọ́ ohùn àwọn obìnrin nídìí kànga, mo máa ń gbé korobá jáde.

Aránṣọ kan ń gbé ní yàrá tó dojú kọ tèmi, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Àǹtí ló ń pè mí. Bó bá gún iyán, á bù fún mi. Bí èmi náà bá se ìrẹsì, ọmọ rẹ̀ á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi kó tó jinná. Nínú gbogbo ilé yẹn, àwọn méjèèjì ló sún mọ́ mi jù.

Ní àsìkò òjò kan, omi kànga bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kì í ṣe òórùn tó le. Ó kàn dà bí omi inú ìkòkò òdòdó tí a kò dà nù fún ọjọ́ pípẹ́. Mo sọ fún Màmá.

"Ìwọ lo mọ̀wé, Tíṣà," ni ó wí. "Bá wa wá nǹkan sí i. Mi ò fẹ́ àìsàn nínú ulé tèmi."

Mo lọ sí ilé ìtajà oògùn kan ní Fájuyì, mo ra oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú omi, mo sì dà á sí kànga náà lọ́sàn-án gangan, Màmá dúró tì mí. Lẹ́yìn tí ó wọlé, mo ṣì wà níbẹ̀ tí mò ń de ọmọrí ìgò náà nígbà tí aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ó wo ìgò ọwọ́ mi. Ó kí mi, mo dáhùn, ó sì wọlé lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà kò sì rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Kò tíì pẹ́ tó lọ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ aránṣọ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fi omi sí i lára. Inú ń run àwọn mìíràn nínú ilé náà. Mo ra ọsàn, mo gbé e lọ kí ọmọ náà nígbà tí wọ́n dá a padà sílé. Ìyá rẹ̀ gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó dúpẹ́, kò ní kí n wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọsàn náà nínú ọ̀rá rẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn mi, kò dín ẹyọ kan.

Nígbà náà ni ó yé mi.

Òṣìṣẹ́ ètò ìlera kan wá bu omi náà láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo wa dúró yí i ká. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kànga náà ti "contaminated," ó wá sọ ọ́ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ má mu ún mọ́ o. Omi yìí ti bàjẹ́."

Aránṣọ béèrè pé, "Ta ló bà á jẹ́?"

"Ìyá, mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná."

Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ti yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Màmá ló ní kí n ra oògùn sí i. Oògùn tó ń pa kòkòrò ni." Wọ́n tú ká.

Omi inú ọ̀rá ni oníkálukú ń rà mu láti ìgbà náà, kò sì sí ohùn nídìí kànga mọ́. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn bí èèyàn ṣe ń dá agbowó-orí lóhùn. Foonu Màmá kò lọ. Mo máa ń pẹ́ ní ilé-ìwé nígbà tí kò sí iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀, nítorí pé láàárín àga òfìfo kíláàsì, kò sí ẹni tó ń yẹra fún mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àyọkà kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń kọ́ kíláàsì mi mú wa dé orí irú àwọn ọ̀rọ̀ bíi "contaminated" yẹn. Ọmọbìnrin kan dìde.

"Mà, ṣé kì í ṣe ìkan náà ni gbogbo wọn? 'Pollute,' 'contaminate,' 'adulterate'?"

Mo sọ fún un pé wọn kì í ṣe ìkan náà. Mo ní ẹni tó bá po èròjà aláwọ̀ pupa mọ́ epo pupa kó lè pọ́n, tàbí tó bu omi ṣúgà mọ́ oyin, òun ló "adulterate": ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, èrè ló ń wá. Mo ní èéfín ọkọ̀ àti pàǹtírí tí gbogbo ìlú ń dà sódò, "pollute" nìyẹn, ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibi mímọ́ lọ ṣe ohun ẹ̀gbin, "defile" ni. Bí òórùn kẹrosíìnì bá fẹ́ sí ìrẹsì lára, ó "taint" rẹ̀, a sì tún lè lo ọ̀rọ̀ náà fún orúkọ èèyàn.

"'Contaminate' wá ńkọ́, Mà?"

"Ohun tí kò mọ́ ló kan ohun tó mọ́. Ó lè má sí ẹni tó gbèrò rẹ̀ rárá. Eṣinṣin lè ṣe é."

Ó rò ó díẹ̀. "Tí a ò bá wá mọ ẹni tó ṣe é, Mà?"

Mo kọjú sí pátákó, mo ń nu ohun tí kò yẹ kí n tíì nù. Bí mo ṣe ń nù ún ni mò ń rò pé nínú èdè tiwa, omi lè bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti béèrè pé ta ló bà á jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹnì kan.

Màmá dé. Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé lójú ọ̀nà ti rò fún un. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi pe gbogbo ilé jáde.

"Èmi ni mo rán Tíṣà níṣẹ́. Ojú mi ló ṣe dà á sí i. Ta ló ní ó fi nǹkan búburú sómi?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ìlera padà wá, ó sì mú wa lọ wo ilé tuntun tó wà ní ìhà òkè ọgbà wa. Kòtò ilé ìyàgbẹ́ wọn ti sán, ó ń jò gba abẹ́ ilẹ̀ wá sínú kànga. Òórùn tí mo gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn. Oògùn tí mo dà sí i kò tó láti ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n dí kànga náà pa, Màmá sì gbẹ́ bóòhóòlù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aránṣọ wá kúnlẹ̀ sí yàrá mi. "Àǹtí, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Dìde."

Kò dìde. "Àǹtí, mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín. Mo ti mọ̀ báyìí pé ẹ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí bí ọmọ mi ṣe rí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìgò ọwọ́ yín ni mò ń rí. Mo ti gbàdúrà sí i. Kò tíì lọ."

Òótọ́ yẹn dùn mí, síbẹ̀ ó sàn lọ́kàn mi ju ẹ̀bẹ̀ àwọn yòókù lọ. Mo fà á dìde. A jọ jókòó.

Inú ọgbà yẹn ni mo ṣì ń gbé. Ẹ̀rọ ló ń fa omi báyìí, ó ń bá páìpù wọ ilé oníkálukú, ẹnikẹ́ni kò nílò láti jáde. Aránṣọ ń rán aṣọ mi, ó sì ń kí mi dáadáa. Ọmọ rẹ̀ ti wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gbé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ wá kí n bá a wò ó. A máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ mi bá ti ń ta sánsán, tí mo dìde pé kí n lọ bù ú, ìyá rẹ̀ á ti máa pè é láti òdìkejì pé kó máa bọ̀ nílé. Ọmọ náà á kó ìwé rẹ̀, á ní, "Ó dàárọ̀, Mà," èmi á sì bu ìwọ̀nba tí èèyàn kan lè jẹ.