Sùúrù, Ẹṣin Tó Ń Kí Agboòrùn

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin, kò sí ẹni tó mọ ẹṣin gùn tó Mọ̀múdù. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri. Bàbá Garba, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ni ẹṣin tó ń gùn. Sùúrù ni wọ́n ń pe ẹṣin náà, àmọ́ oníwàǹwára ẹranko ni.

Ohun kan ṣoṣo ni Sùúrù mọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ ọdún Iléyá, níwájú ààfin, ẹlẹ́ṣin á sáré àsápajúdé títí dé ẹsẹ̀ agboòrùn ńlá tí Ẹ́míà jókòó sábẹ́ rẹ̀, á dúró lójijì, á gbé ìkúùkù sókè kí ọba. Ti Sùúrù tún lé kan, ó máa ń kúnlẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó gbé eré ẹṣin tiwọn dé, eré ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe láti ìlú dé ìlú. Lọ́jọ́ kìíní, ẹṣin á máa rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Lọ́jọ́ kejì, á gba inú igbó, á máa fo ìtì igi àti odò. Lọ́jọ́ kẹta, á fo àwọn ọ̀pá tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ará Kánò wá, ará Dàhòmì lọ́dọ̀ àwọn Faransé náà wá. Mọ̀múdù ní òun á fi gbogbo wọn sẹ́yìn.

Eré ti Ìlọrin ku díẹ̀ kó parí nígbà tí ìyàwó òyìnbó kan ṣí agboòrùn. Sùúrù yà bàrá, ó kúnlẹ̀ fún un. Inú obìnrin náà dùn púpọ̀. Mọ̀múdù gba ipò ìkẹyìn. Ní Lọ́kọ́jà, ẹlẹ́pà kan jókòó sábẹ́ agboòrùn tó ti ya. Sùúrù kí i, ó sì jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Ìkẹyìn náà ni.

Inú bí Bàbá Garba. “Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti dójú tì mí. Bí o ò bá borí ní Jẹ́bà, màá gba ẹṣin mi, iyọ̀ ni yóò máa rù lọ sí Bídà.”

Mọ̀múdù sunkún bí ọmọdé. Ìyàwó rẹ̀, Hadiza, ìyá Lami ọmọ wọn, ló ronú kan ọgbọ́n kan.

“Bàbá Lami, ṣebí agboòrùn ló ń sá bá? Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀kan dúró níbi tí eré ti ń parí.”

Ó fi ìró ìgbéyàwó rẹ̀ rán agboòrùn kan tó tóbi bí òrùlé.

Ní Jẹ́bà, wọ́n ṣe ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ kẹta, Sùúrù rí agboòrùn Hadiza lọ́ọ̀ọ́kán. Kò tilẹ̀ wo ọ̀pá kankan mọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn kọjá, eruku sọ lálá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Hadiza. Ìkẹyìn tún ni!

Bàbá Garba ti mú okùn dání láti wá fa ẹṣin rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, eruku sì bo ibẹ̀. Agboòrùn ńlá ló rí, àti ẹṣin lórí ìkúnlẹ̀, àti ẹnì kan tó fi ìborùn bojú. Ó ṣebí Ẹ́míà ni, ó ju okùn nù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ránkádédé! Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe, Wàláhì!”

Hadiza mú ohùn rẹ̀ ki bíi ti ọkùnrin. “Fi ẹṣin yìí fún Mọ̀múdù.”

“Mo ti fún un, Wàláhì! Mo ti fún un!”

Eruku rọlẹ̀. Hadiza ṣí ìborùn, ó kúnlẹ̀ wéré. “Ẹ má bínú, Bàbá.”

Bàbá Garba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo Jẹ́bà ló ti gbọ́ ìbúra rẹ̀, ó sì ti fi orúkọ Ọlọ́run sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká okùn rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé.

Ọdún mẹ́wàá ni Mọ̀múdù tún fi gun Sùúrù káàkiri, ìkẹyìn ló ń gbà níbi gbogbo. Síbẹ̀, kò sí ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń retí tó Mọ̀múdù. Àwọn ìyá arúgbó á ti ọ̀nà jíjìn ru agboòrùn wá, wọ́n á tò sẹ́bàá ọ̀nà, Sùúrù á sì máa kúnlẹ̀ fún wọn níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí ọba.