Ọmọ Tí Gbogbo Ilé Ìwòsàn Gbé Sáyà

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ̀bí káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà kí n tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ ọmọ mi obìnrin kì í bi mí ní ohunkóhun nípa iṣẹ́ náà. Dókítà ọmọdé ni. Ìwé tiẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti lanu pé láyé tiwa, báyìí là ń ṣe é, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Màámi, ẹ sinmi. Ẹ ti fẹ̀yìn tì." Inú a máa bí mi. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo tì í lọ sílé ìwé tipátipá, ta ni mo fẹ́ bá jà?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́sàn-án ọjọ́ tó pè mí láti Sudan, tí mo ń sá gbodo lẹ́yìnkùlé wa ní Òmù-Àrán, tó ní, "Màámi, báwo lẹ ṣe bá ìyá àgbà Èsìẹ́ yẹn sọ ọ́ tó fi gbà?", ńṣe ni mo wá ibi jókòó. Ògidì Ìgbómìnà ló fi sọ ọ́. Ọmọ yìí kì í sọ Ìgbómìnà sí mi àfi bí ẹ̀rù bá ń bà á.

Ó ti lé lọ́dún kan nígbà náà tí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ kan ti mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, nínú ìlú tí ogun ká mọ́. Àwọn tó gbé ìbọn ló wà lójú gbogbo ọ̀nà tó wọ ìlú. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó oúnjẹ, oògùn àti epo wá fún àwọn ará ìlú ti tò sójú ọ̀nà lọ rẹrẹ, wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ẹrù wò. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò tán. Mo bi ọmọ mi lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ń wá gan-an nínú páálí mílíìkì, ó ní kí n má bi òun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó pè mí rèé. Obìnrin kan bí ọmọbìnrin kan ní oṣù méje. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Abẹ́rẹ́ tí ń dá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, èyí tí àwa máa ń gún níhìn-ín láìronú sí i rárá, ti tán nílé ìwòsàn náà. Ó wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá kú. Ó ku ọmọ, tí kò wúwo tó àgbébọ̀ adìyẹ. Àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń tẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí kó lè móoru wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, àpótí ti di àpótí lásán.

Bí ọmọ náà yóò bá yè, àfi kí wọ́n gbé e ní ìhòòhò sáyà ènìyàn, kí ara ẹni náà máa mú un móoru tọ̀sán tòru. Èyí wà nínú ìwé ọmọ mi, wọ́n tiẹ̀ fún un lórúkọ. Àmọ́ àyà ìyá ni ìwé sọ. Ìyá ti kú, àwọn obìnrin tó wà ní wọ́ọ̀dù sì ń sá fún ọmọ. Wọ́n ní yóò bá ìyá rẹ̀ lọ, àwọn ò fẹ́ kó kú sáyà àwọn. Ọmọ mi, tí àwọn aláìsàn tó kù kò jẹ́ kó lè jókòó gbé e fúnra rẹ̀, ti bẹ̀ wọ́n títí, ó sú u.

Ọ̀rọ̀ Èsìẹ́ tó ń bi mí ti pẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọmọ kan sì wáyé tí oṣù rẹ̀ ò pé. A ò rí i gbé lọ sí Ìlọrin. Mo gbé e sáyà ìyá rẹ̀, mo fi ọ̀já dì í. Bí mo bá ti yíjú báyìí, ìyá ọkọ rẹ̀ á ti tú ọmọ, á ti pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. "Ta ló pọ̀nmọ síwájú rí? Ẹ̀yìn ni ọmọ ń gbé!" Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo jágbe mọ́ ọn, ó jágbe mọ́ mi, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ọmọ mi ti gbọ́ ìtàn yìí títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí, àmọ́ mi ò sọ bó ṣe parí fún un rí, torí ìparí rẹ̀ kò bu iyì kún mi.

"Mi ò bẹ̀ ẹ́," mo sọ fún un lórí fóònù. "Mo gbé ọmọ lé ìyá àgbà fúnra rẹ̀ láyà, mo ní kó bá mi dì í mú díẹ̀, mo fẹ́ lọ pọnmi. Mo wá lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí mo fi máa padà, kò fẹ́ gbé e fún mi mọ́."

"Ẹ purọ́ fún un, Màámi?"

"Mo purọ́. Lọ pa tìẹ náà."

Ó lọ pa tiẹ̀. Ó gbé ọmọ lé obìnrin tó ń se oúnjẹ ilé ìwòsàn náà láyà, obìnrin tí kò rí nǹkan sè mọ́, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà fún wákàtí méjì. Nígbà tó dé, obìnrin náà fi ìka sẹ́nu, ó ní kó má pariwo, ọmọ ń sùn.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò fẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì. Alásè gbé e, nọ́ọ̀sì gbà á, agbálẹ̀ gbà á lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá tó ń ṣọ́ géètì, arúgbó onírùngbọ̀n funfun, bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó jókòó, ó ní ó kan òun. Ọmọ mi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo egungun ìhà bàbá náà ló yọ síta, orí ọmọ sì wà láàárín àyà rẹ̀, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe fìlà fún un. Mo wo fọ́tò yẹn títí òjò fi bá gbodo mi níta.

Ẹnu yà mí, mi ò lè pa á dé. Gbogbo ọdún tí mo fi gbẹ̀bí, mi ò rí irú èyí rí. Ebi ń pa àwọn ènìyàn yìí. Ẹni tí ebi ń pa, òtútù kì í jìnnà sí i. Síbẹ̀ ìwọ̀nba ooru tó kù lára wọn ni wọ́n ń bù fún ọmọ tí wọn ò bá tan. Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tí ń bani níwájú ohun tó ju òye ẹni lọ.

Èmi ẹlẹ́nu, mo tún fẹ́ kọ́ wọn sí i. Mo pe ọmọ mi, mo ní omi ọmú ńkọ́? Ó ní obìnrin kan tí ọmọ tirẹ̀ kú lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń fún un lọ́mú, ṣùgbọ́n ọmú rẹ̀ ti ń gbẹ. Mo ní kí wọ́n fún un lẹ́kọ gbígbóná, kí wọ́n fi ẹja sí ọbẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n... Ọmọ mi já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní ohun tí gbogbo ìlú ń jẹ báyìí ni èérún ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, èyí tí wọ́n ń kó fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tẹ́lẹ̀.

Mo mọ kúlíkúlí, a fi ń mu gààrí. Kúlíkúlí kọ́ lèyí. Ojú tì mí. Ní Èsìẹ́, àwọn ará ilé ń gbé iyán, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ wọlé fún ìyá ọlọ́mọ láàárọ̀ lálẹ́, mo tiẹ̀ ń kùn pé wọ́n ń dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́. Mi ò ka oúnjẹ yẹn kún ìtọ́jú rí. Èmi nìkan ni mo gba ìyìn.

"Ṣé kò sí oúnjẹ kankan rárá ni?"

"Oúnjẹ wà, Màámi. Mílíìkì ọmọdé gan-an wà. Ó wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Béèyàn bá ní kóun fẹsẹ̀ rìn ín, kò jìnnà ju Òmù-Àrán sí Èsìẹ́ lọ."

Lẹ́yìn èyí, nẹ́tíwọ̀kì wọn kú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsárì nígbà tí fóònù dún. Ohùn ni ọmọ mi ká ránṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Màámi, ẹ gbọ́ ọ! Òní ló kọ́kọ́ ké sókè! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké!" Ó gbé fóònù sún mọ́ ọmọ náà.

Mo gbọ́ ọ. Ohùn ọmọ tí kò lè ṣe ju kó máa kùn lọ ti di igbe gidi, ó ń dún ketekete. Mo ní Ọlọ́run tóbi, mo sọ ọ́ títí omi àlùwàlá fi gbẹ lára mi. Mo tún un gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni mo tó fi etí agbẹ̀bí gbọ́ ọ. Igbe ọmọ kì í ṣe oríṣi kan. Ti inú rírun yàtọ̀, ti òtútù yàtọ̀. Èyí ń bẹ̀rẹ̀ ní kúkúrú, ó ń ga, ó ń dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ti lágbára tó láti mọ̀ pé ebi ń pa òun.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo ká ohùn tèmi, mo bi í pé àwọn ọkọ̀ ńkọ́.

Èsì rẹ̀ dé kí n tó dìde nílẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ṣì dúró síbẹ̀." Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ọmọ náà ṣì ń ké.