Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì

Omi gbígbóná tí a bá dà sínú ìbọn ní àárọ̀ Sátidé máa ń jáde ní dúdú bí omi aró, òórùn rẹ̀ a sì dà bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹlòmíràn a di imú. Èmi kì í dì í. Lọ́dọ̀ tèmi, òórùn bàbá mi nìyẹn: ẹ̀tù tó ti jóná, àdín, àti ọṣẹ dúdú tó fi ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Koro, lábẹ́ igi ọsàn, ni a ti máa ń ṣe é. Bàbá á da omi, èmi á di ìdí ìbọn mú, ìyá mi á sì máa pariwo láti ilé ìdáná pé kí a má fi omi dúdú yẹn pa ẹ̀fọ́ òun.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ṣakabùlà, kò sí ilé àgbẹ̀ tí kò ní in nígbà náà. Ṣùgbọ́n ti bàbá mi kò ní ẹgbẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá. Ìbọn tí àwọn yòókù ń lò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni òòlù kékeré tó ń gbá iná sí i wà. Bí ọlọ́wọ́ òsì bá gbé irú rẹ̀ lé èjìká, ojú ara rẹ̀ ni iná máa ta sí. Ìgbà tí iná jó irun ojú bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì ló lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ní Ìlọfà, ìyẹn sì rọ ìbọn fún un tí òòlù rẹ̀ wà lábẹ́, níbi ikùn, tí kò kan ọ̀tún, tí kò kan òsì. Àwọn ọdẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n á ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní òun kò fi júwe ilé ẹnikẹ́ni, ẹran ìgbẹ́ ni òun fi ń júwe.

Ìbọn náà ní èèwọ̀ kan. Nílé àwọn ọdẹ mìíràn, ìbọn máa ń dúró ní igun yàrá, ẹnu rẹ̀ á kọjú sókè. Tiwa kò gbọdọ̀ dúró bẹ́ẹ̀ láé. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ihò tí iná ń gbà wọlé wà, bí ó bá dúró, gbogbo àdín tí a fi pa inú rẹ̀ á ṣàn lọ síbẹ̀, á sì dí i. Orí ìṣó ni bàbá máa ń gbé e kọ́, ní ìdoríkodò. "Ubọn mi ée dúró," ni ó máa ń sọ fún mi. "Ẹnu rẹ̀ ni kó máa wo ulẹ̀." Lẹ́yìn náà á fún mi ní ìyẹ́ adìẹ kan kí n fi tọ inú ihò náà, nítorí ìka tirẹ̀ ti nípọn jù. Bí ìyẹ́ bá jáde ní gbígbẹ, á ní, "Ó tó." Ọ̀rọ̀ méjì yẹn dùn mọ́ mi ju ẹran lọ.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni Bàbá Jóòbù, tí oko àwọn méjèèjì jọ pààlà. Ọdún kan ni wọn kò fi kí ara wọn nítorí igi ọ̀pẹ mẹ́ta tó wà ní ààlà náà. Àwọn àgbà ìjọ ló parí ìjà náà, wọ́n sì padà di ọ̀rẹ́, wọ́n jọ ń pín obì ní ojúde. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìlú wa. Ìjà tí ẹni tó jà á ti gbàgbé, aládùúgbò ń rántí rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Jóòbù kú, Ìyá Jóòbù, aya rẹ̀, ránṣẹ́ pé bàbá mi ni kó yin ìbọn àkọ́kọ́ lórí sàréè. Iyì ńlá ni. Gbogbo ọmọ Koro tó mọ nǹkan ló sì mọ èkejì rẹ̀: bí ìbọn ọdẹ bá kọ̀ lórí sàréè ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní òkú kò gba ìkíni rẹ̀, pé ìjà kò tíì tán nínú.

Bàbá lọ bá wọn gbẹ́ sàréè ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, ó sì fi ìbọn sílẹ̀ fún mi láti tọ́jú fúnra mi, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Inú mi dùn débi pé mo da àdín sí i ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo nù ún títí ó fi ń dán. Àwọn àlejò ti ń bọ̀ láti Ìlọrin àti Èkó, mo sì ronú pé kò yẹ kí wọ́n bá ìbọn wa ní ìdoríkodò bí àdán. Mo gbé e dúró sí igun pálọ̀, bí ti àwọn ọdẹ gidi. Ó wù mí, mo ń lọ mo ń bọ̀ níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá sáré ti ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé ìbọn, kò ráyè wo bí mo ṣe gbé e sí, ó ki ẹ̀tù sí i, ó sì lọ. Wọ́n ti sọ òkú kalẹ̀ tán, àwọn ọdẹ sì tò lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọjú ẹnu ìbọn sókè, ó fà á. *Kẹ́.* Ìyẹn nìkan. Ó pààrọ̀ kinní kékeré tó ń ta iná lójú ihò náà, ó tún fà á. *Kẹ́.* Ìgbà kẹta, *Kẹ́* náà ni. Obìnrin kan lẹ́yìn mi sọ pé, "Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ yẹn ò tán." Gbogbo ojú ń wo Ìyá Jóòbù, òun náà sì ti gbójú sílẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ mí lónìí kò ní gbà pé èmi ni mo rìn kọjá láàárín àwọn ọdẹ. Mo kúnlẹ̀ sórí yèèpẹ̀ pupa yẹn, mo ní, "Abá, èmi ni. Mo gbé ubọn dúró."

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé àfi bàbá mi. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó wá kọjú sí àwọn ènìyàn, ó ṣàlàyé ihò, àdín àti ìyẹ́ fún wọn. Ó fi kún un pé, "Ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù. Èmi tí mo ki ẹ̀tù sí i ni n kò yẹ ihò wò." Ìyá Jóòbù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọmọ ti sọ ọ́. Ẹ mú ùyẹ́ adìẹ wá fún un." Àwọn kan rẹ́rìn-ín níbi òkú. Wọ́n mú ìyẹ́ wá, bàbá sì nà án sí mi níwájú gbogbo ìlú. Òun di ìbọn mú, ẹnu rẹ̀ ń wo ojú ọ̀run, èmi tọ ihò náà títí ìyẹ́ fi jáde ní gbígbẹ. "Ó tó," ló wí. Ó bu ẹ̀tù gbígbẹ díẹ̀ sójú ihò, ó fà á. Ìbọn náà ṣiyèméjì díẹ̀, ó wá bú, èéfín bo gbogbo wa. Ìyá Jóòbù bú sẹ́kún, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Bàbá kò nà mí. Mo retí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò wá.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ yá ìbọn aládùúgbò fún ìsìnkú, ó ní ti bàbá ti gbó. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Mo jókòó lábẹ́ igi ọsàn, mo gbé omi kaná, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ yẹn sì jáde sí mi. Nígbà tí mo ń fi ìyẹ́ tọ ihò ni ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ mi ní Ìlọrin wá sí mi lọ́kàn. Fáìlì kan ló sọnù. Èmi ni mo gbé e sí ibi tí kò yẹ, mo sì rí i padà, ṣùgbọ́n mo dákẹ́, nítorí pé akọ̀wé kékeré kan ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè, kì í ṣe èmi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń dákẹ́. Mo nu ọwọ́ mi, mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, mo sọ ọ́. Ojú tì mí gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni ó lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo gbé ìbọn náà kọ́ sórí ìṣó rẹ̀, ní ìdoríkodò. Lórí sàréè, àbúrò mi fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dún, gbogbo ènìyàn hó yèè. Èmi nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn tán. Ìyẹ́ adìẹ wà ní ìdí ìró mi, tí mo mú dání láti ilé, bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó kọ̀, kí n lè rí ìdí láti tún rìn dé ọ̀dọ̀ bàbá mi.