Ojú Kejì Kásẹ́ẹ̀tì

Yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti ìyá ọkọ mi jọ ń gbé ní Múṣin. Àwọn ló ni bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo ni ẹní. Bí mo bá yí ara padà lórí ẹní, wọ́n á ní, "Ìyàwó, kí ló dé?" Bí mo bá mí kanlẹ̀, wọ́n á tún bi mí. Ìyá dáadáa ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe ọ́ lóore láti àárọ̀ dalẹ́, ibo lo fẹ́ gbà sá fún un?

Ìgbéyàwó wa kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ọkọ mi fi lọ kàwé ní Ìlú Òyìnbó. Ó ní òun á ránṣẹ́ wá mú mi. Ọdún kan kọjá, ìkejì sì ti wọ ìdajì. Nígbà tó yá, ní Sátidé kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wálé fún ìsinmi gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá fún wa, pẹ̀lú téèpù kékeré alágbèéká tó ń lo bátìrì mẹ́rin. Ọkọ mi mọ̀ pé mi ò mọ̀wé kà. Bó bá kọ lẹ́tà, ẹlòmíràn ni yóò kà á fún mi, gbogbo ilé á sì gbọ́.

Gbogbo ilé náà kúkú kóra jọ sí yàrá wa láti gbọ́ ojú àkọ́kọ́. "Màámi, ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa lẹ wà?" Ìyá ọkọ mi dáhùn sókè pé, "Dáadáa ni, ọmọ mi. Ìwọ náà ńkọ́?" Kí wọ́n tó dáhùn tán, ọmọ ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òtútù. Ó dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó kí mi, kò dúró gbèsì. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Níparí, ó dárúkọ mi. Ó ní tèmi wà lójú kejì: ọjọ́ tí mo máa lọ gba ìwé ìrìnnà mi, ibi tí mo ti máa gbà á, àti ẹni tí mo máa béèrè. Ó ní èmi nìkan ni kí n gbọ́ ọ. Òótọ́ ló sọ, torí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò kì í ṣe ohun tí à ń tú sójú ọjà. Àmọ́ ìyàwó wo ló máa sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n bọ́ síta, òun fẹ́ gbọ́rọ̀ ọkọ òun?

Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n lọ́jọ́ Sunday, wọn ò jáde. Lọ́jọ́ Monday mo lọ síbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ní Ojúwọyè. Ìgbà tí mo dé, wọ́n jókòó digbí. Ọjọ́ Tuesday ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kí aládùúgbò kan tó bímọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò sọ nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, mo gbá a nídìí. Téèpù tó ń sọ̀rọ̀ geere lọ́jọ́ Sátidé ló panu mọ́ lójú mi yìí.

Mo tú àwọn bátìrì náà, mo fi ìró nù wọ́n, mo fi eyín tẹ̀ wọ́n nídìí bí a ṣe máa ń ṣe ti tọ́ọ̀ṣì. Pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ kejì mo sá wọn sórí páànù láti àárọ̀, kí oòrùn lè tún agbára sí wọn nínú. Nígbà tí mo kó wọn padà sínú rẹ̀, ohùn kan jáde, ó ń fà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, mi ò gbọ́ ohun tó sọ, ó sì dákẹ́. Mo ra bátìrì tuntun, síbẹ̀ kò dún. Àṣé ọ̀kan nínú àwọn tí mo sá ti tu omi sínú téèpù.

Ọjọ́ ń lọ, mi ò sì mọ èwo nínú wọn ni ọjọ́ mi. Ó lè jẹ́ ọ̀la. Ó lè jẹ́ àná. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ mi á wo téèpù, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀ ni?"

Ọjọ́ Friday ni mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìdí-Òro. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ ṣùtì.

"Ta ló sá bátìrì sóòrùn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, bọ̀dá."

Ó fi bíléèdì ha ìpẹtà kúrò lára irin rẹ̀. Ó fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì mi dán an wò, mo já a gbà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tiyín ni kẹ́ ẹ fi dán an wò." Téèpù náà kọrin, ó sì dún kooro.

Mi ò wọ yàrá nígbà tí mo délé. Mo gbé téèpù sínú korobá, mo fi tówẹ̀lì bò ó, mo bọ́ sí balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo lóṣòó sórí ilẹ̀ tútù, mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì gbé e sétí.

"Dáadáa ni mo wà o, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí díẹ̀."

Ìyá ọkọ mi ni.

"O kí mi, mi ò dáhùn tán, ni mo ṣe ní kí ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ mi. Ó ní kí n yí kásẹ́ẹ̀tì padà, kí n tẹ bọ́tìnnì pupa mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Jọ̀ọ́, má tíì mú un lọ. Bó bá lọ, èmi àti ògiri ló kù."

Wọn ò mọ̀ pé bí ohùn tiwọn ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni tọmọ wọn ń pa rẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n kí i kú òtútù, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹ bátìrì tán. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ la téèpù náà mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbé mi.

Ayálégbé kan ń gbá ilẹ̀kùn. "Àǹtí, ẹ ṣe kíá jàre! Ṣé ẹ sùn síbẹ̀ ni?"

Ohùn wọn dópin, ohùn ọkọ mi sì bọ́ síbẹ̀ lójijì: "...ìyẹn náà ni. Má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá o, torí ẹni yẹn ò ní pẹ́ padà. Mò ń retí rẹ." Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ mọ́.

Mo bomi sójú, mo jáde. Ìyá ọkọ mi ti dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ wọn wà lára ògiri. Wọ́n rí etí téèpù lábẹ́ tówẹ̀lì.

"Ìyàwó, ó ti ń sọ̀rọ̀? Ṣé ó gbọ́ ohun tí mo sọ fún un? Kí ló fèsì?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ó gbọ́, mà. Ó ní kí n dúró tì yín."