Ìṣirò ni Àbúrò Mi Fẹ́ Kà

Náírà méjì ni owó ìtanràn ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Bàbá mi ò san án rí. Tí ìpàdé bá máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, láti aago mẹ́ta ló ti máa jókòó síwájú ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí à ń yá ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí á máa wo gbogbo ẹni tó bá ń wọlé bíi pé òun ló ni ilé. Ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, kíákíá ló lé wa jáde lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ máa gbọ́ ohun tí àbúrò mi fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ìrànlọ́wọ́.

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ tó bá yege ìdánwò àtiwọ yunifásítì, wọ́n á mú un dìde níwájú àwọn àgbà, á fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ìṣègùn, òfin, ẹnjiníà tàbí akáǹtì, ẹgbẹ̀rin náírà lọ́dún títí á fi jáde. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, wọ́n á gbàdúrà fún un. Àdúrà yẹn máa ń gùn gan-an, torí pé kò ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀.

Bàbá ti sọ fún gbogbo ayé pé akáǹtì ni. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti ń pe ọmọdébìnrin náà ní "akáǹtì wa". Ṣùgbọ́n ìṣirò ló fẹ́ kà, ìṣirò pọ́ńbélé. Ayálégbé kan nílé wa, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ló sọ fún un pé lókè òkun, àwọn tó mọ ìṣirò jinlẹ̀ ni báńkì ńlá ń wá kiri báyìí, kí wọ́n lè máa bá wọn díwọ̀n ewu tó wà nínú owó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ewu inú owó? Kí wọ́n wá bá mi ní Ládìpọ̀, màá fi hàn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́."

Ẹ́ńjìnnì àlòkù ni mò ń tà ní Ládìpọ̀. Mi ò kàwé kọjá pírámárì. Nígbà yẹn mo ti kó padà sílé Bàbá pẹ̀lú ọmọ méjì, lẹ́yìn tí ọkọ mi rí obìnrin tí ẹnu ẹ̀ ò mú tó tèmi. Náírà ń já wálẹ̀; ẹ́ńjìnnì tí mo tà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lónìí lè di ẹgbẹ̀rún méje kí oṣù tó parí. Oníbàárà tí owó ẹ̀ ò tíì pé á máa bẹ̀ mí, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọ́n mọ́ mi lórí." Màá ní kó mú igba náírà wá. Igba yẹn kì í ṣe ara owó ẹ́ńjìnnì o. Owó pé kí n di iye náà mú fún un fún oṣù kan ni. Tó bá padà wá, iye àtijọ́ ni màá gbà, kódà kí ọjà ti fò sókè. Tí kò bá wá, igba náírà ti di tèmi.

Àbúrò mi máa ń wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà ọlidé. Lọ́jọ́ kan ó bi mí, "Àǹtí mi, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé igba ló yẹ? Kí ló dé tí kì í ṣe ọgọ́rùn-ún?"

"Mo wo ojú ẹ̀ ni."

"Tí ọjà bá wá wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?"

"Màá sunkún nìyẹn. Ṣé o ò rí mi lóṣù tó kọjá ni?"

Lóṣù tó kọjá, gbogbo àwọn tó san owó ìdìmú ló padà wá. Mo tà fún wọn ní iye tí mi ò lè fi ra òmíràn rọ́pò. Àbúrò mi ní, "Àwọn kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ wọn nìyẹn, Àǹtí mi. Kí wọ́n mọ iye tó yẹ kí èèyàn gbà."

Bí a ṣe ń lọ sí ìpàdé, mo fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí Bàbá má baà gbọ́. "Akáǹtì ni kó o sọ. Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sówó. Tó o bá dé ọ̀hún, yí i padà. Ta ló máa tẹ̀ lé ẹ wọ kíláàsì?"

Kì í ṣe òun ló máa kọ́kọ́ ṣe é. Ọ̀kan wà nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó gbowó òfin títí, eré orí ìtàgé ló kà jáde. Ó gbà sí mi lẹ́nu, àmọ́ ó ń họ èékánná.

Alága wa, àgbàlagbà tó ń ta aṣọ ní Yábàá, pè é dìde. "Ọmọ wa, kí lo fẹ́ lọ kà?"

"Akáǹtì, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá tún fìlà ṣe. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n alága fẹ́ràn ọmọ náà, ìfẹ́ yẹn ló bà á jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i. "Ó dáa. Kí ló wù ẹ́ nínú akáǹtì?"

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo kọ́ ọ. Mi ò rántí kọ́ ọ ní ìkejì.

"Kò wù mí, sà. Ìṣirò ni mo fẹ́ kà."

Ariwo ta. "Ìṣirò wo? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ ní pírámárì ni?" Ìyá kan lẹ́yìn mi pariwo, "Tíṣà! Ó fẹ́ ṣe tíṣà, kó máa jẹ owó oṣù tí ìjọba ò san!"

Àbúrò mi fẹ́ ṣàlàyé. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tó wà láyé, èmi ló rí mú. "Ẹ wo Àǹtí mi. Wọ́n máa ń gba igba náírà lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ra nǹkan kan..."

"Háà! Ta ló ń gba igba náírà?"

Bàbá Alhájì kan yíjú sí mi. "Èlé nìyẹn! Ìwọ ọmọ yìí, èlé lò ń gbà!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ́ńjìnnì ni mò ń tà."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

Alága gbọ́wọ́ sókè. "Ọmọ wa, a ò tíì rí ẹni tó fi ìṣirò kọ́lé nílùú wa. Owó ẹgbẹ́ kọ́ la máa fi dán an wò. Tún un sọ, a máa gbàgbé èyí tó o sọ tẹ́lẹ̀. Akáǹtì àbí ìṣirò?"

Ó wò mí. Mo fi ètè pe akáǹtì fún un láìjẹ́ kí ohùn jáde, ó hàn kedere. Ó mi orí.

"Ìṣirò, sà."

Bàbá dìde. Ó dúró níwájú mi. "Ìwọ tó o fi ṣọ́ọ̀bù bà á lórí jẹ́, ìwọ ni kó o rán an lọ." Ó jáde, ìpàdé ò tíì parí.

Mo ro owó yàrá, owó oúnjẹ, owó ìwé, àti àwọn ọmọ tèmi méjèèjì nílé. Ọjà ò yá lóṣù yẹn rárá. "Ó dáa, sà," ni mo sọ sí ẹ̀yìn ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Àbúrò mi wá jókòó tì mí. "Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

"Dákẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n rí omi lójú ẹ."

Mo wá nǹkan tí mo lè fi rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn yẹn, mi ò rí. Akọ̀wé ti gbé gíláàsì sójú, ó ń ka ìpinnu sókè kí gbogbo wa lè gbọ́: ẹgbẹ́ ti gba owó tó wà fún ọmọ yìí padà, ti ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba náírà.